Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Bàámi Parí

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yẹn ti fúyẹ́? Àbúrò mi sọ fún mi pé ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà, pé tí ẹ bá ti rí i pé òun jáde báyìí, ẹ ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó di iwájú ìsọ̀ àwọn oníṣòwò. Bàámi, ẹ ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sọ pátákó wọn kalẹ̀, kí ẹ jókòó kọ ọ́. Mi ò sí nítòsí tí màá fi sáré wá tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé ọkàn mi sókè.

Ẹ béèrè nínú lẹ́tà yín pé kí ni mò ń ṣe gan-an ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ ní àwọn ọ̀rẹ́ yín ń bi yín, ẹ sì dá wọn lóhùn pé mò ń yá àwọn èèyàn ní àga. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tí a jọ ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn fi yọjú wò mí. Ẹ ò kúkú parọ́. Àga wà nínú ẹ̀, àádọ́ta ó lé méjì, èmi náà ni mo sì ń tò wọ́n.

Báyìí ló rí. Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan tó ti kógbá wọlé, yàrá gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó pépà sí tẹ́lẹ̀. Èmi àti àwọn mẹ́rin kan la gbá a, tí a kùn ún, a sì sọ ọ́ ní Yàrá Ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ ló lè wá: ewì, ìtàn, lẹ́tà tí kò rí fi ránṣẹ́, àní ìjà tó ń jà nínú ara ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. A fi pákó ṣe ọ̀nà dagẹrẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn kí kẹ̀kẹ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ lè gba orí ẹ̀ wọlé. Fún ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran, a ní ìwé tó lè máa fi ìka kà. Télọ̀ kan wà tí etí ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Olùkọ́ kan máa ń dúró sí ọ̀kánkán ẹ̀, á máa fi ọwọ́ sọ ohun tí àwọn tó kù ń sọ fún un. Tó bá wá kan télọ̀ náà, òun náà á fi ọwọ́ sọ tiẹ̀, olùkọ́ á máa fi ẹnu tú u fún wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí, àtẹ́lẹsẹ̀ lòun fi mọ̀ ọ́n, torí ilẹ̀ máa ń gbọ̀n tí ìyá òun bá ń tẹ̀ ẹ́. Bàámi, mi ò lè sọ bó ṣe ṣe mí.

Òfin mẹ́ta la lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Èdè tó bá wù ọ́ ni kí o fi sọ ọ́. Má kán ẹnikẹ́ni lójú. Má bá ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn, ẹ̀yin ni mo rò kí n tó kọ ọ́. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì máa ń wá, Awakọ̀ la ń pè é, akólòlò bíi tiyín ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi jókòó sẹ́yìn láì la ẹnu. Sátidé tó kọjá ló kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ pé òun á sọ̀rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọnú mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé tẹlifóònù tí mo bá pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbé e, ẹ sì pa á mọ́ mi létí. Kí ni mo ṣe?

Èmi ni ọmọ yín tó ń to àga,
Ẹnu Baba


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ẹnu Baba, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orúnkún ni kò jẹ́ kí n tètè fèsì. Kò sẹ́ni tó jábọ́ lórí àkàbà. Àbúrò rẹ ló ń ṣòfófó mi kiri bí ẹni pé òun ló bí mi.

Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Mo gbé e, mo ní "Mo, mo, mo," o ní "Ẹ wà dáadáa, àbí? Ẹ ṣeun, Bàámi. Ṣé ẹ ti jẹun?" Mi ò wà dáadáa lọ́jọ́ náà. Eyín ń dùn mí bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n o ti bá mi sọ pé mo wà dáadáa, o sì ti kọjá síbòmíì, ni mo bá pa á. Nínú lẹ́tà, kò sẹ́ni tó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bírò mi.

Ohun tí ò ń ṣe lọ́hùn-ún wú mi lórí. Mo ka ti télọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Láti bí àádọ́ta ọdún ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sára pátákó, "A ń tún bàtà ṣe níbí," "Kò sí àwìn lónìí," kò sẹ́ni tó gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá fún mi rí kí n kọ ọ́. Mo jowú rẹ díẹ̀.

Wò ó, iṣẹ́ kan wà. Àbúrò rẹ ń lọ sílé ọkọ. Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ni wọ́n fi sí, ọjọ́ Sátidé. Àwọn ẹbí ọkọ ti ní baba ìyàwó ló máa dìde sọ̀rọ̀ lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Èmi. Níwájú igba èèyàn. Mo lọ dùbúlẹ̀.

O mọ bí tèmi tìrẹ ṣe rí. Láti ọmọ ọdún méje ni o ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Tí oníbàárà bá dé, tí ọ̀rọ̀ bá há mi lẹ́nu, wàá ti sáré jáde láti inú ilé, wàá ní, "Bàámi ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀, ọ̀dà ò tíì gbẹ." Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ ránṣẹ́ pè mí lórí ọ̀ràn tí ìwọ gan-an dá, ìwọ náà lo bá mi bẹ̀ ẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń pè ọ́ ní Ẹnu Baba. Nígbà tí a sin ìyá rẹ, mo dìde, mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde, ìwọ lo wá di ọwọ́ mi mú tí o sọ gbogbo ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni ọ́ nígbà náà.

Mo bẹ̀ ọ́, wá sílé. Wá dúró tì mí kí o bá mi sọ ọ́. Láti ọdún mọ́kànlá tí o ti lọ, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Èyí nìkan ni.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Bàámi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya.

Mi ò ní lè wá. Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé fẹ́ wó o, ó ti ní ká wá ibòmíì gbà. Àwọn alákòóso ilé ìkàwé ìlú ní àwọn lè fún wa ní yàrá kan lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wá wo ohun tí à ń ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n mú ni ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, wọn ò sì ní òmíràn. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Tí ohun tí wọ́n rí ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, télọ̀ yẹn àti gbogbo àwọn tó kù ò níbi tí wọ́n máa lọ mọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ètò náà látòkèdélẹ̀: ibi tí ẹni báyìí máa jókòó kó lè rí ọwọ́ olùkọ́, ẹni tí kì í fẹ́ kí iná mọ́lẹ̀ sí òun lójú, ẹni tó jẹ́ pé tó bá sunkún, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n mi ò fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà fún yín, ó wà nínú àpòòwé yìí, ojú ìwé kan péré. Mo mọ ẹnu yín ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń há yín ni mo ṣà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Èyí tó kù á máa yọ̀ lẹ́nu yín ni. Ẹ ò ní há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Awakọ̀ ti sọ̀rọ̀, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá ni. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀ tó ti kú ló kọ sínú ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àfi bó ṣe dé ibi tó fẹ́ pe orúkọ obìnrin náà, ó há. Òógùn ń ṣàn lójú ẹ̀. Èmi wà nídìí máìkì, mo rí ọ̀rọ̀ náà létè ẹ̀, Bàámi, mo rí i kedere. Mo bá a sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́. Ó wò mí, ó ká ìwé ẹ̀, ó ní ẹ ṣé, ó jáde. Kò tíì padà wá látìgbà náà. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Irú wọn ń fẹ́ ìgboyà, díẹ̀díẹ̀ la máa ràn án lọ́wọ́.

Tí gbogbo èèyàn bá ti lọ lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn, màá jẹ búrẹ́dì mi. Wọ́n máa ń bi mí pé ìgbà wo ni èmi máa sọ tèmi. Mo máa ń ní ọwọ́ mi dí. Ọdún mẹ́rin rèé, mi ò tíì dé iwájú máìkì yẹn àfi kí n gbé e sókè tàbí kí n sọ ọ́ kalẹ̀ fún ẹlòmíì. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń sọ eléyìí fún yín.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀ lónìí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ tí o kọ fún mi lọ síwájú dígí, mo kà á látòkè délẹ̀. Mi ò há. Ó yọ̀ bí o ṣe wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, mo ṣàdúrà fún ọkọ àti ìyàwó, mo jókòó. Àbúrò rẹ yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, "Bàámi, ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?"

Mo tún un kà. Kékeré ni mò ń wá nínú ẹ̀. O mọ̀ pé bí mo ṣe ń pe ìyá rẹ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, o sì mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń há mi tó orúkọ yẹn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi pè é, kò jáde wéré lọ́jọ́ kan. Òun náà á dúró. Ì báà ní garawa omi lọ́wọ́, á sọ ọ́ kalẹ̀, á máa wò mí, kò ní bá mi pè é. O ti ṣa ìyá rẹ kúrò nínú ìgbéyàwó ọmọ tó bí, nítorí kí n má baà há. Kí ni mo tún fẹ́ dìde lọ sọ?

Ó dùn mí. Bó ṣe rí ni mò ń sọ ọ́ fún ọ.

Ti Awakọ̀ yẹn, ojú kọ́ ló ń tì í. Inú ló ń bí i. Ọkùnrin náà jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó fi oṣù kan àti ààbọ̀ múra, ó dìde láti pe ìyàwó ẹ̀ níwájú èèyàn, o sì gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ìwọ tí o lẹ òfin mọ́ ilẹ̀kùn. O ní torí mi lo ṣe kọ ọ́. Tó bá jẹ́ torí mi ni, kí ló dé tí o ò fi pa á mọ́ fún mi rí?

Mo mọ̀ pé èmi náà jẹ̀bi. Èmi ni mò ń pè ọ́ jáde, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí o bá mi sọ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn kan wà tí o parí síbi tó wù ọ́, tí mo kàn mi orí, torí ó ti rẹ̀ mí, ìwọ náà sì ti yíjú.

Dúró ti ètò rẹ. Má wulẹ̀ wá mọ́. Yálà kí n dá a sọ, tàbí kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún

Bàámi,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà yín ti wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo wà nígbà tí mo kà á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà níbẹ̀, fatafata, ó ṣe tán, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè mi níbẹ̀. Mo ní ọmọ ọdún méje ni mí, ta ló ní kí ẹ máa pè mí jáde? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré, èmi ń sọ fún oníbàárà pé ọ̀dà ò tíì gbẹ. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi mí pé tèmi ńkọ́. Ìyẹn ti jáde, ara mi fúyẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn lojú wá tì mí.

Ètò ti kọjá. Àwọn ti ilé ìkàwé wá, ó wù wọ́n, wọ́n ti fún wa ní yàrá kan nísàlẹ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀ fẹ̀, tí kò nílò pákó kankan. Télọ̀ dì mọ́ mi. Gbogbo wọn ń pariwo, wọ́n ń ya fọ́tò. Nígbà tó yá, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ, ó wá ku èmi àtàwọn àga. Mo mọ̀ pé ní àkókò yẹn ẹ ti lè dìde sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó, tàbí kí ẹ ti jókòó jẹ́ẹ́, mi ò mọ èwo. Mo pe àbúrò mi, kò gbé e. Mi ò dá a lẹ́bi. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

Lọ́jọ́ kejì mo wá ilé Awakọ̀ lọ. Orí àtẹ̀gùn ni mo dúró sí, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ dá mi lóhùn. Mo ní kó má bínú sí mi, pé mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ó fẹ́ fèsì. Bàámi, ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, mo ti ka bíríkì mẹ́tàlélógún lára ògiri ẹ̀. Ahọ́n ń yún mi, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn, mo ti parí ọ̀rọ̀ náà nínú ọkàn mi: pé ó ti tán, pé òun á wá lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tó sọ ni pé òun ò wá mọ́, kí n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìwé. Ó ní ẹ ṣé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní mo bá a parí ẹ̀ ni, màá ti máa retí ẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń ronú nípa yín. Àwọn tí ẹ ní mo parí síbi tó wù mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀kan fún mi. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹ sọ ọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ dáadáa lónìí. Ìjà tí o bá mi jà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Mi ò bi ọ́ rí pé tìrẹ ńkọ́. Má bínú sí mi.

Mo dìde. Olùdarí ètò gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, mi ò mú ìwé kankan dání. Kí n tó kí ìdílé méjèèjì tán, àwọn ọmọdé kan ti ń rẹ́rìn-ín, ìyá ọkọ fojú kìlọ̀ fún wọn. Mo wá dé orí Kékeré. Ó há bí kò ṣe há rí láyé. Ọrùn mi le, ojú mi ṣú. Olùdarí ètò sún mọ́ mi, onínúure ni, ó ní, "Bàbá fẹ́ sọ pé," àbúrò rẹ bá dìde nínú aṣọ ìyàwó, ó na ọwọ́ sí i kó dúró. Mo ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń yí lókè. Mo pè é. Mo ní ká ní Kékeré wà níbí, iwájú pátápátá ni ì bá jókòó sí, ì bá sì ti máa wo bàtà ọkọ bóyá ó nù ún. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọkọ náà wo bàtà ẹ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni mo lò. Oúnjẹ ti tutù kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo jókòó, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi láti mọ ohun tí o rí sí i. Àga wà níbẹ̀, àpò ẹnì kan ló wà lórí ẹ̀. Inú mi dùn pé mo dá a sọ, ó sì tún bà jẹ́, méjèèjì pa pọ̀. Mo rò pé ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé o ti lọ.

Àbúrò rẹ ti kó ẹrù ẹ̀. Ó ku èmi nìkan nínú ilé. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè báyìí tí mo bá ń po ọ̀dà, kò sẹ́ni tó ń kán mi lójú, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn pẹ̀lú.

O ní kí n sọ ọ̀kan. Mo ro ó títí kí n tó mú bírò, torí mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń dá ọ padà síbì kan. O ti ní àwọn èèyàn tó ń wojú rẹ lọ́hùn-ún, o sì ti gba yàrá fún wọn. Àmọ́ o béèrè.

Lọ́jọ́ tí ò ń lọ, a dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Àpótí rẹ ti wà nínú ọkọ̀. Mo di ọwọ́ báàgì rẹ mú, mo ní, "Mo fẹ́ kí o, kí o, kí o." Ọkọ̀ ti ń dún, ò ń wo àwọn tó ń wọlé kí wọ́n má baà gba ìjókòó rẹ. O ní, "Kí n máa kọ̀wé. Màá máa kọ̀wé, Bàámi, mo ṣèlérí." Mo mi orí. O wọlé, o juwọ́ sí mi lójú fèrèsé. O ò sì yẹ àdéhùn. Ọdún mọ́kànlá, o kọ̀wé, àwọn lẹ́tà rẹ kún páálí méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ka gbogbo wọn.

Kì í ṣe lẹ́tà ni mo fẹ́ béèrè. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbìyànjú láti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nínú yàrá yìí, ó há, mo sì fún un láyè títí ó fi jáde. Mo fẹ́ kí o dúró.

Bàbá rẹ